Ẹ Jẹ́ Kí Ayé Lè Gba Òǹtẹ̀ Wa Gbọ́

Sí Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè, Àbújá;
Sí Mínísítà fún Ètò Ìdájọ́, tó tún jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà fún Ìjọba Àpapọ̀;
Àti sí ẹ̀yin aṣòfin tí a dìbò yàn láti ilẹ̀ Yorùbá.

Mo mọ̀ pé ẹrù tó wà lọ́rùn yín pọ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ ọmọ ilẹ̀ yìí lówó, tó ń gba àkókò lọ́wọ́ wọn, tó sì ń tẹ́ wọn níwájú àjèjì. Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ ni: òǹtẹ̀ tí ìjọba wa ń lù sí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé kóòtù àti sàtífíkéètì ilé ìwé, kí orílẹ̀-èdè mìíràn tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gùn. Mo fẹ́ kí Nàìjíríà wọ inú Àdéhùn Hague ti ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1961, èyí tó mú òǹtẹ̀ ẹ́ḿbásì kúrò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú rẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ẹ tún àkọsílẹ̀ wa ṣe bí ẹ ti ń lọ wọ̀ ọ́, nítorí bí a bá wọlé láìtún un ṣe, àwọn kan yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú, wọn kò sì ní jẹ̀bi pátápátá.

Iṣẹ́ kóòtù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Ẹ̀ka tí àwọn ènìyàn ti ń wá búra sí ìwé ni mo pẹ́ sí jù. Púpọ̀ nínú àwọn tó dúró níwájú tábìlì mi, òkè òkun ni ìwé wọn ń lọ. Nítorí náà, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ fi tó yín létí.

Ẹ wo obìnrin kan tó ń gbé Òṣogbo, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní São Paulo, tí òun àtọmọ fẹ́ lọ bá a. Ìjọba Brazil fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó rẹ̀ ni lóòótọ́, bóyá àwọn méjèèjì ló bí ọmọ náà, bóyá obìnrin náà kò dáràn rí. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Àmọ́ ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ ti ń wá. Ìwé ọmọ ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ National Population Commission. Ìwé ìgbéyàwó ń bọ̀ láti káńsù tí wọ́n ti so yìgì. Ìwé pé kò dáràn rí ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Bó bá fẹ́ ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀, sàtífíkéètì rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, èyí sì ní láti kọ́kọ́ gba Mínísírì Ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ kọjá. Ìwé ìgbéyàwó tí káńsù fúnni, wọ́n lè ní kó kọ́kọ́ gba Mínísírì Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé kọjá, torí pé ó ti pẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn káńsù ti ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, títí wọ́n fi gbé e dé Kóòtù Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìwé ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, Mínísítà. Yóò sanwó lórí ìkànnì ìsanwó Remita, yóò kó ìwé sílẹ̀, yóò dúró.

Nígbà tí òǹtẹ̀ yín bá jáde, a kò tíì dé ibì kankan. Ó di kọ́ńsúlétì Brazil ní Èkó tàbí ẹ́ḿbásì wọn ní Àbújá, kí àwọn náà lu òǹtẹ̀ tiwọn láti jẹ́rìí pé òǹtẹ̀ yín ni òǹtẹ̀ yín. Bó bá sì dé Brazil, ògbufọ̀ tí ìjọba ibẹ̀ fún láṣẹ ni yóò túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí èdè Pọtogí, òǹtẹ̀ lórí òǹtẹ̀. Obìnrin yìí kò purọ́ níbì kankan. Ó fẹ́ ọkọ rẹ̀, ó bí ọmọ rẹ̀, ó lọ sílé ìwé rẹ̀.

Owó tí ìjọba ń gbà níbẹ̀ kọ́ ló ń dun ènìyàn jù. Ọ̀nà ni. Ẹni tó ń gbé Ìgbóhọ tàbí Ìjerò, kò sí ohun tí ìjọba gbé sún mọ́ ọn. Ó di kó wọ mọ́tò gba Lọ́kọ́ja lọ sí Àbújá, ojú ọ̀nà tí kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lónìí, tàbí kó kọrí sí Èkó, kó wá ibi tó máa sùn sí. Ẹni tí kò lè lọ á wá ẹni tó máa bá a lọ. Báyìí ni àwọn ejẹ́ńtì ṣe gba iṣẹ́ náà mọ́ ìjọba lọ́wọ́. Ìwé gidi, èyí tí kò ní èkejì, á di ohun tí a kó lé ẹni tí a kò mọ̀ rí lọ́wọ́, nínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀, ní ibùdókọ̀. Mo mọ ìyá kan tó ń tẹ ejẹ́ńtì láago lójoojúmọ́ tí kò gbé e mọ́. Sàtífíkéètì ọmọ rẹ̀ wà nínú àpò náà. Ilé ìwé tó fún ọmọ náà ní ìwé kì í sì í tẹ sàtífíkéètì lẹ́ẹ̀mejì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó wà ní Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ àwọn baba wa pọ̀ sí. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ni Àdéhùn Hague ti ń ṣiṣẹ́ ní Brazil. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe kòkárí ètò ìdájọ́ wọn fi àṣẹ náà lé àwọn cartório lọ́wọ́, ìyẹn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ ìbí, òkú àti ìgbéyàwó sílẹ̀ nínú ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìwé ìbí rẹ̀ ní Pọ́túgàlì tàbí ní Japan, yóò rìn lọ sí cartório, wọn yóò so Apostille mọ́ ọn, ó parí nìyẹn. Kò ní dé Brasília, kò ní dé ẹ́ḿbásì kankan. Àfi bó bá jẹ́ Nàìjíríà ni ìwé náà ń bọ̀. Bí ọ̀dọ́ kan láti Bahia bá fẹ́ wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ìlú tó ń fi orin pè láti kékeré, òǹtẹ̀ mínísírì wọn àti òǹtẹ̀ ẹ́ḿbásì wa ní Brasília ni ìwé rẹ̀ yóò gbà kọjá. Ó dùn mí pé ilé baba wọn ló wá ṣòro fún wọn jù láti mú ìwé wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé Apostille fún ẹni tí kò tíì rí i rí. Ìwé kékeré onígun mẹ́rin ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 9. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ àkọlé rẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é. Ìlà 10 tó ní nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀. Wọn yóò kọ orílẹ̀-èdè tí ìwé ti jáde, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, ipò tí ẹni náà wà nígbà tó fọwọ́ sí i, àti òǹtẹ̀ ẹni tó wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlú, ọjọ́, ẹni tó ṣe Apostille, nọ́ńbà, òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí. Kò sí ohun mìíràn. Ìwé kóòtù, ìwé ọ́fíìsì ìjọba, ìwé tí nótárì ṣe, gbogbo wọn ló lè gbà á. Ìwé tí ẹ́ḿbásì fúnra rẹ̀ kọ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tó jẹ mọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù àti òwò gan-an.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti wọ àdéhùn yìí ti lé ní 120. Kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó. Lesotho, Malawi, Burundi, Liberia àti South Africa wà níbẹ̀. Senegal, tí àwa àti wọn jọ wà nínú ECOWAS, wọlé. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún wọn ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Rwanda tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ṣáínà, tí ìwé rẹ̀ ń lọ káàkiri ayé, kọ ọ̀rọ̀ wíwọlé ránṣẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ẹ́ḿbásì ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Kánádà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lọ, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2024. Àwa ṣì dúró síta. Àwọn ará Benin tí a jọ pààlà náà ṣì wà níta, nítorí náà bí ọmọ Kétu bá fẹ́ fẹ́ ọmọ Ṣakí, tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan, òǹtẹ̀ lórí òǹtẹ̀ ṣì ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń tàjà. Wíwọ àdéhùn yìí kò ní yanjú gbogbo rẹ̀. Dubai kò sí nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yóò ṣì máa gba ẹ́ḿbásì wọn kọjá. Ní ti Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń gba ìwé wa láìbéèrè òǹtẹ̀, wọ́n á fúnra wọn wádìí rẹ̀. Àwọn tí ara yóò tù ni àwọn tó ń lọ sí Ítálì, Spéènì, Brazil, Ṣáínà, Pọ́túgàlì, àti irú ibi bẹ́ẹ̀, níbi tí òfin ti sọ pé láìsí òǹtẹ̀, ìwé kì í ṣe ìwé.

Ọ̀rọ̀ tó le wá kù, òun gan-an ni mo sì torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí.

Ilé iṣẹ́ aṣojú Jámánì ní ilẹ̀ wa kì í lu òǹtẹ̀ sí ìwé wa mọ́. Wọ́n ní àwọn kò lè fọkàn tán an. Dípò òǹtẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń rán ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé lọ síbi tí ìwé ti jáde, kó lọ wo rẹ́jísítà, kó béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé, kó béèrè lọ́wọ́ ará ilé àti aládùúgbò pé ta ni ẹni yìí, ìgbà wo ni wọ́n bí i, ta ni wọ́n gbé e níyàwó fún. Ẹni tó ni ìwé ló ń sanwó ìwádìí náà, ọ̀pọ̀ oṣù ló sì ń gbà. Òfin kejìlá nínú Àdéhùn Hague sì fún orílẹ̀-èdè tó ti wà nínú rẹ̀ láyè pé, bí ẹni tuntun bá ń wọlé, ó lè sọ láàárín oṣù mẹ́fà pé òun kò gba ẹni náà. Jámánì ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí Íńdíà nígbà tí àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ fún wọn ní ọdún 2005. Nígbà tí ó di ti Philippines ní ọdún 2019, Jámánì àti Austria wà lára àwọn tó kọ̀ wọ́n. Bí Nàìjíríà bá wọlé lọ́la pẹ̀lú ìwé wa bó ṣe wà lónìí, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwa náà.

N kò lè bínú sí wọn. Ta ni nínú wa tí kò mọ Olúwolé? Wọ́n ti wó ibẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọjà tuntun síbẹ̀ lórí Erékùṣù Èkó, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu wa: bí a bá sọ pé ìwé kan jẹ́ ìwé Olúwolé, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù, sàtífíkéètì, ìwé àkáǹtì báńkì, òǹtẹ̀ mínísírì fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Lónìí, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gbé iṣẹ́ náà wọ yàrá. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn tó ń ra ìwé èké kò ju díẹ̀ lọ nínú wa, àmọ́ olóòótọ́ ló ń sanwó rẹ̀. Òun ni wọ́n ń rán ènìyàn lọ sí agbolé rẹ̀. Òun ni wọ́n ń sọ fún pé kó dúró.

Òǹtẹ̀ tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kò lè wo àìsàn yìí. Ẹni tó lè ṣe òǹtẹ̀ kan lè ṣe méjì. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹni tó wà ní Berlin tàbí Milan lè rí ìwé náà nínú àkọsílẹ̀ wa fúnra rẹ̀, láìpe ẹnikẹ́ni, láìrán ẹnikẹ́ni. Èyí kì í ṣe àlá. Òfin keje nínú àdéhùn náà ti pàṣẹ láti ọdún 1961 pé ọ́fíìsì tó bá ń ṣe Apostille gbọ́dọ̀ ní rẹ́jísítà tó ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè béèrè bóyá ó bá a mu. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ láti gbé rẹ́jísítà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù kan ló tó láti fi wò ó. Ẹni tó bá ṣe Apostille èké yóò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ yóò bá a mu, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì ní sí níbì kankan.

Àmọ́ Apostille kò ju kí ó jẹ́rìí sí ọwọ́ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé lọ. Kò sọ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni mo mọ̀ jù.

Òfin 69 ti ọdún 1992 ló sọ ọ́ di dandan káàkiri Nàìjíríà pé kí wọ́n kọ gbogbo ìbí sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà, tí kò ní ìwé kankan láti ilé ìwòsàn tàbí káńsù, ìbúra kóòtù ló máa ń fi ṣe ọjọ́ orí rẹ̀, National Population Commission á sì fún un ní ìwé tó ń jẹ́rìí sí i dípò ìwé ìbí gan-an. Mo ti bá àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ jókòó. Bàbá kan á ní ọdún rògbòdìyàn òṣèlú Wẹ́tìẹ̀ ni wọ́n bí òun. Ìyá kan á ní ọdún tí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ni wọ́n gbé òun pọ̀n wọ Ìbàdàn. A mọ̀ pé oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni ti mọ́tò yẹn, a sì mọ ìgbà Wẹ́tìẹ̀. Àmọ́ oṣù àti ọjọ́ ńkọ́? Ìwé òkè òkun kò gba ọdún Wẹ́tìẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á mú ọjọ́ kan, a ó kọ ọ́, wọ́n á búra. Ọjọ́ náà kì í ṣe irọ́, òun ni ẹni náà lè sọ dé. Síbẹ̀, nígbà tí àjèjì bá rí i pé àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó mọ ohun tó máa rò.

Ẹ má sọ pé ti àwọn àgbà nìkan nìyẹn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2021 pẹ̀lú UNICEF fi hàn pé ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n ti kọ ìbí wọn sílẹ̀. Àwọn tó kù ń dàgbà bọ̀ wá sí iwájú tábìlì ìbúra.

Orúkọ náà tún wà. Ẹ mú orúkọ bíi Fọláṣadé. Bí tíṣà bá kọ ọ́ ní pírámárì, ó lè fi h sí Shade rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa ṣe ìdánwò WAEC, h ti lọ. Bó bá wọ yunifásítì, wọ́n lè fi orúkọ bàbá ṣáájú tàbí kẹ́yìn. Bó bá wá lọ sílé ọkọ, orúkọ ìdílé yí padà. Ìwé mẹ́rin, ẹni kan ṣoṣo. Lójú wa nílé, kò sí ìṣòro kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyè méjì, kó lọ béèrè ní agbolé. Lójú ẹni tó jókòó sí ìlú Róòmù, ènìyàn mẹ́rin ni. Ìwé ìbúra pé ẹni kan náà ni gbogbo wọn ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fi òǹtẹ̀ sí láyé iṣẹ́ mi. Ìwé ìbúra yẹn náà ní láti gba òǹtẹ̀ Àbújá, kó gba ti ẹ́ḿbásì.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe sí èyí kò kọjá agbára yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí à ń pè ní NIN báyìí. Ẹ jẹ́ kí National Population Commission, WAEC, yunifásítì, káńsù àti ọlọ́pàá so ìwé wọn mọ́ nọ́ńbà kan náà yẹn, kí orúkọ tí a bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ orúkọ tí gbogbo wọn yóò máa kọ. WAEC ti gbé sàtífíkéètì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ni í lè fi hàn ẹni tó bá fẹ́. Bí WAEC bá lè ṣe é, kí ló dé tí ìwé ìgbéyàwó láti káńsù ṣì wà nínú rẹ́jísítà oníbébà tí ọ̀rinrin ti ń jẹ, tó jẹ́ pé bí iná bá jó ọ́fíìsì náà, ìgbéyàwó gbogbo àdúgbò ló lọ? Ní ti ìgbéyàwó, tọkọtaya tó ṣe ti ìbílẹ̀, tí ẹbí méjèèjì jókòó, tí wọ́n gbé igbá ìyàwó, tí wọ́n ka lẹ́tà ìtọrọ sókè, kò ní bébà kankan lọ́wọ́ àyàfi bí wọ́n bá lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn káńsù gbọ́dọ̀ mú èyí rọrùn, kí a má máa ti àwọn ènìyàn láti sáré lọ tún so yìgì kíákíá nítorí físà nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹni tó yẹ kó máa ṣe Apostille. Òfin kẹfà nínú àdéhùn náà fi í sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti yan ọ́fíìsì tó wù ú, kò sì sọ pé ọ̀kan péré ni. Ní Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ fi iṣẹ́ náà lé akọ̀wé àgbà Kóòtù Gíga ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́: ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Àkúrẹ́, ní Òṣogbo, ní Adó-Èkìtì, ní Ìkẹjà, ní Ìlọrin, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ káàkiri orílẹ̀-èdè, kí rẹ́jísítà wọn jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé kóòtù ti wà. Akọ̀wé ti wà. Wọ́n ti mọ ọwọ́ àwọn adájọ́ àti àwọn nótárì tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ìgbà náà ni iṣẹ́ ejẹ́ńtì yóò dín kù fúnra rẹ̀, láìlé ẹnikẹ́ni kiri.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ní ọ̀nà kejì. Ẹni tó ń gbé London, tí bàbá rẹ̀ kú ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ bá a dúró lórí ilẹ̀ àti ilé, ìwé tí àwọn lọ́yà ń pè ní power of attorney ni yóò kọ. Yóò fọwọ́ sí i níwájú nótárì. Yóò fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba wọn ní Milton Keynes fún Apostille. Ìlú Ọba ti wà nínú àdéhùn náà láti ọdún 1965. Síbẹ̀, nítorí pé àwa kò sí níbẹ̀, wọ́n á tún ní kó gba òǹtẹ̀ Ilé Aṣojú wa ní London. Òfin Ẹ̀rí wa ti ọdún 2011, ní abala 150, ti sọ pé kí kóòtù gbà pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí nótárì bá jẹ́rìí sí jẹ́ òtítọ́. Ó yẹ kí àwọn ọ́fíìsì ilẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ wa mọ èyí, kí wọ́n sì máa tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ogún ló ti bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dúró de òǹtẹ̀, tí ẹlòmíràn fi ta ilẹ̀ náà.

Ẹ̀yin aṣòfin, ọwọ́ yín ló kù sí. Abala 12 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé àdéhùn kankan láàárín àwa àti orílẹ̀-èdè mìíràn kò ní agbára òfin níhìn-ín àyàfi bí ẹ bá sọ ọ́ di òfin. Nítorí náà, ẹ má dúró de Mínísírì. Ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè ibi tí wọ́n bá a dé, ẹ kọ àbá òfin náà sílẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé akọ̀wé kóòtù ìpínlẹ̀ ni yóò máa ṣe é.

Sí ẹ̀yin tí a jọ wà nílùú, ẹ̀yin tó ń san owó fún ẹni tó ní òun lè mú òǹtẹ̀ Mínísírì jáde láàárín alẹ́ kan: òǹtẹ̀ yẹn kì í wọ rẹ́jísítà. Ẹ̀ ń fi ọmọ yín ṣòwò. Bí wọ́n bá mú un, kì í ṣe ejẹ́ńtì ni wọn yóò tì mọ́ pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀yin lọ́yà tó jẹ́ nótárì, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹni tó ni ín kò sí níwájú yín, bó ti wù kí ó jẹ́ ọmọ ẹbí yín tó.

Mínísítà, bí Nàìjíríà bá fi ìwé wíwọlé rẹ̀ lé ìjọba Netherlands lọ́wọ́, tó ń tọ́jú àdéhùn náà, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ẹnikẹ́ni kọ̀ wá, ọgọ́ta ọjọ́ sì ni kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ nìyẹn, bó ti rí fún Ṣáínà àti Kánádà. Ẹ lo oṣù mẹ́jọ náà láti gbé rẹ́jísítà sókè àti láti kọ́ àwọn akọ̀wé kóòtù. Ẹ rán ènìyàn lọ bá Jámánì àti àwọn tó lè kọ̀ wá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọlé, kí wọ́n rí ohun tí a ti ṣe pẹ̀lú ojú ara wọn. Ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ óò bẹ̀rẹ̀ fún àwa tó ń dúró. Ọjọ́ tó ní nọ́ńbà, nínú ìwé ìròyìn, kí a lè mú un bá yín bó bá kọjá.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn.